Sọ́fítíwíà olówó pọ́ọ́kú fún ohùn oní-tráàkì-púpọ̀ lórí kọ̀ǹpútà ilé: bí ẹ ṣe máa yan tiyín

Ìbéèrè kan náà ni wọ́n ń bi mi ní oríṣiríṣi ọ̀nà. Ẹnì kan ti kọrin, ó fẹ́ gba ohùn kejì àti ìkẹta lé e lórí. Ẹlòmíì ń ṣe ètò ìfọ̀rọ̀wérọ̀, ikọ́ àlejò rẹ̀ bọ́ sórí ọ̀rọ̀ tiẹ̀, ó fẹ́ yọ ikọ́ náà kúrò. Gbogbo wọn á wá parí rẹ̀ síbì kan: “Èwo ni mo lè lò tí kò ní gbọ́n àpò mi gbẹ?”

Ìdáhùn mi ní ṣókí: ẹ má tíì sanwó fún ohunkóhun. Ẹ fi èyí tó jẹ́ ọ̀fẹ́ ṣe iṣẹ́ kan láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kí ẹ sì gbọ́ ọ lórí fóònù yín. Ibi tí iṣẹ́ náà bá ti há ni ẹ ó ti mọ ohun tó yẹ kí ẹ rà. Àlàyé rẹ̀ ló kù nísàlẹ̀ yìí.

## Kí ni wọ́n ń pè ní tráàkì púpọ̀?

Ẹ̀rọ ìgbohùnsílẹ̀ lásán tó wà lórí kọ̀ǹpútà tàbí fóònù, ohùn kan ló ń gbà. Bí ohùn méjì bá ti jọ wọ inú rẹ̀, wọ́n ti di ọ̀kan nìyẹn. Ti tráàkì púpọ̀ yàtọ̀: ohùn kọ̀ọ̀kan ní ìlà tirẹ̀, àwọn ìlà náà tò léra wọn lójú kọ̀ǹpútà, wọ́n sì jọ ń dún. Ẹ lè pa ọ̀kan lẹ́nu mọ́, kí ẹ gbé òmíràn sókè, kí ẹ gé ìkẹta láì fọwọ́ kan àwọn tó kù.

Àwọn nǹkan méjì kan wà tí èèyàn máa ń dà pọ̀, ó sì ti mú ọ̀pọ̀ náwó dànù. Iye tráàkì tí sọ́fítíwíà lè gbà yàtọ̀ sí iye ohùn tí ẹ lè gbà sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ọwọ́ ẹ̀rọ ni èkejì yìí wà. Ihò maikirofóònù kan ṣoṣo tó wà lára kọ̀ǹpútà, ohùn kan ló ń gbà lẹ́ẹ̀kan. Bí ẹ bá fẹ́ kí akọrin àti onígìtá jọ ṣe é nígbà kan náà, kí ohùn wọn sì wà lọ́tọ̀, audio interface (àpótí kékeré tí wọ́n ń ki maikirofóònù àti gìtá bọ̀, tó ń gbé ohùn wọn wọ kọ̀ǹpútà) oníhò méjì lẹ nílò. Sọ́fítíwíà tó gbówó lórí jù lọ láyé kò lè fi ihò kún èyí tí ẹ̀rọ yín ní.

Ẹni tó ní maikirofóònù USB méjì á ní, “Ṣé mi ò wá lè lo méjèèjì pọ̀ ni?” Lórí Mac, ó ṣeé ṣe: ẹ ṣí Audio MIDI Setup, kí ẹ dá Aggregate Device sílẹ̀, Mac á sì kà wọ́n sí ẹ̀rọ kan. Lórí Windows, wàhálà ni. Mi ò gba ẹnikẹ́ni níyànjú pé kó fi ìrọ̀lẹ́ rẹ̀ ṣòfò síbẹ̀.

## Ẹ dáhùn wọ̀nyí kí ẹ tó gba ohunkóhun sórí kọ̀ǹpútà

- Ṣé Windows ni, Mac ni, àbí Linux?
- Ohùn mélòó ni ẹ fẹ́ gbà lẹ́ẹ̀kan náà? (Bí ẹyọ kan bá ni, kò síyè méjì, ẹ ò tíì nílò audio interface.)
- Ṣé ọ̀rọ̀ sísọ nìkan ni, àbí ẹ fẹ́ fi dùùrù àti ìlù orí kọ̀ǹpútà sí i? Bí ó bá jẹ́ èkejì, ẹ wá èyí tó ń lo MIDI (ọ̀nà tí kọ̀ǹpútà fi ń gba ohun tí ẹ bá tẹ̀ lórí dùùrù) dáadáa.
- Ṣé owó á máa wọlé nídìí iṣẹ́ náà? Ó kan irú láísẹ́ńsì, ìyẹn àṣẹ láti lo sọ́fítíwíà, tí ẹ máa rà.
- Àyè mélòó ló kù lórí háádì dííkì?

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ti àyè yẹn. Ohùn mono kan (ọ̀nà kan ṣoṣo, kì í ṣe ọ̀tún àti òsì bíi stereo) ní 48 kHz àti 24-bit, ìyẹn ìwọ̀n bí kọ̀ǹpútà ṣe ń kọ ohùn sílẹ̀ fínnífínní tó, ń gba nǹkan bíi MB 8.6 ní ìṣẹ́jú kan. Tráàkì mẹ́jọ fún ìṣẹ́jú 30 ti lé ní GB 2, kí ẹ tó wá tún èyí tó bàjẹ́ kọ. Audacity, ọ̀kan nínú àwọn sọ́fítíwíà tó wà nísàlẹ̀, tiẹ̀ máa ń fi 32-bit gba ohùn bí ẹ ò bá yí i padà, nítorí náà tirẹ̀ tún ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tí àyè rẹ̀ ku GB 3, kó kọ́kọ́ lọ pa àwọn fídíò àtijọ́ rẹ́.

## Àwọn tó wà nílẹ̀

Audacity. Ọ̀fẹ́ ni, ó wà fún Windows, Mac àti Linux. Ọ̀rọ̀ sísọ àti orin tí kò díjú ló bá mu jù. Láti ẹ̀dà 3.2 tó jáde lọ́dún 2022, ẹ lè fi effect (ohun tó ń yí bí ohùn ṣe ń dún padà) sórí tráàkì kí ẹ sì tún yọ ọ́ láì ba ohùn gangan jẹ́. Bí ẹ bá ń ka ìtọ́sọ́nà àtijọ́ tó ní kò ṣeé ṣe, ọjọ́ ti lọ lórí ìyẹn.

REAPER. Òun ni mò ń lò, nítorí náà ẹ fi ojúsàájú mi sọ́kàn bí ẹ ti ń kà á. Ó kéré lórí háádì dííkì, ó sì ń sáré lórí kọ̀ǹpútà tó ti dàgbà. Ọjọ́ 60 ni wọ́n fi ń jẹ́ kí ẹ dán an wò, wọn ò sì yọ ohunkóhun kúrò nínú rẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, dọ́là 60 ni láísẹ́ńsì ẹni tó ń lò ó fún ara rẹ̀, tàbí oníṣòwò tí owó tó ń wọlé fún un kò ju dọ́là 20,000 lọ́dún. Àwọn tó ju bẹ́ẹ̀ lọ, dọ́là 225. Ojú rẹ̀ kò fani mọ́ra lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Ó dà bí pátákó tí wọ́n kan bọ́tìnì mọ́ káàkiri.

GarageBand. Bí ẹ bá ní Mac, ẹ má wá ibòmíì lọ fún oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́. Ọ̀fẹ́ ni, ohun èlò orin sì kún inú rẹ̀.

Waveform Free. Láti ọ̀dọ̀ Tracktion. Kò fi ìwọ̀n sí iye tráàkì, ó sì ń ṣiṣẹ́ lórí Windows, Mac àti Linux. Ó gba sùúrù láti mọ̀ ọ́n lò.

Cakewalk. Windows nìkan. Ó lágbára fún orin. Èyí tí wọ́n ń pè ní Sonar ló ti rọ́pò Cakewalk by BandLab, ó sì ní ẹ̀dà ọ̀fẹ́.

Ardour. Àwọn tó ń lo Linux, ẹ wò ó nínú ibi tí ẹ ti máa ń gba sọ́fítíwíà. Ó sábà máa ń wà níbẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Lórí Windows àti Mac, wọ́n ń gba owó díẹ̀ fún èyí tí wọ́n ti tò délẹ̀, èyí tí wọ́n sì fi ń dán an wò á dákẹ́ lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá.

Pro Tools Intro. Ọ̀fẹ́ ni, tráàkì ohùn mẹ́jọ péré ló gbà. Ó dára fún ẹni tó fẹ́ kọ́ ohun tí wọ́n ń lò ní ilé ìgbohùnsílẹ̀ ńlá. Bí orin yín bá ní ohùn mẹ́sàn-án, ibi tó máa dúró nìyẹn.

Kí ẹ tó yan èyíkéyìí, bí ẹ bá ti ní audio interface nílé, ẹ padà lọ wo páálí rẹ̀. Àwọn tó ń ṣe é sábà máa ń fi kóòdù Ableton Live Lite, sọ́fítíwíà tráàkì púpọ̀ mìíràn, tàbí irú rẹ̀ sí i. Ọ̀pọ̀ èèyàn ti ju páálí náà nù pẹ̀lú kóòdù nínú rẹ̀.

## Ìdánwò ìrọ̀lẹ́ kan

Ẹ mú méjì péré nínú àwọn tó wà lókè. Ẹ má mú márùn-ún, orí yín á dàrú. Ẹ ṣe ohun kan náà nínú méjèèjì:

1. Ẹ gbà á láti ojúlé àwọn tó ṣe é fúnra wọn, kì í ṣe láti ojúlé tó ń kó sọ́fítíwíà jọ.
2. Ẹ ṣí iṣẹ́ tuntun, kí ẹ fi pamọ́ ní kíákíá, kí ẹ tó gba ohùn kankan. Ẹ dá fódà tirẹ̀ fún un. Nínú REAPER, lójú Save As, ẹ máàkì ibi tó ní kó dá fódà sílẹ̀ fún iṣẹ́ náà àti ibi tó ní kó da gbogbo ohùn kọ síbẹ̀.
3. Ẹ fi hẹ́dífóònù oníwáyà sí i. Bí ẹ bá lo sípíkà, maikirofóònù á máa gbọ́ tráàkì àkọ́kọ́, á sì kó o sínú ìkejì.
4. Ẹ sọ̀rọ̀ bí ẹ ṣe máa sọ ọ́ níbi tí ohùn yín bá ti máa ròkè jù. Kí ọ̀pá ìwọ̀n ohùn máa dé nǹkan bíi -12 dB. Bó bá kan 0, ohùn ti fọ́ nìyẹn, kò sì sí effect tó ń tún un ṣe bó ti yẹ.
5. Ẹ pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ wá sọ̀rọ̀ tàbí kọrin fún ìṣẹ́jú kan.
6. Ẹ gba ohùn kejì lé e lórí bí ẹ ti ń gbọ́ àkọ́kọ́. Bí àtẹ́wọ́ àkọ́kọ́ bá dún létí yín, kí tiyín náà dún pẹ̀lú rẹ̀. Nínú Audacity, Shift+R ló ń ṣí tráàkì tuntun. Bí ẹ bá tẹ R nìkan, ìdí tráàkì àkọ́kọ́ ló máa so ó mọ́. Nínú REAPER, Ctrl+T ló ń ṣí tráàkì, ẹ tẹ bọ́tìnì pupa tó wà lára rẹ̀, kí ẹ tó tẹ Ctrl+R. Ẹ rí i pé pupa tráàkì àkọ́kọ́ ti kú, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ẹ ó tún gba ohùn lé e lórí.
7. Ẹ yọ ọ̀rọ̀ kan tó ṣì láàárín tráàkì kejì. Nínú REAPER, ẹ tẹ S níwájú rẹ̀ àti lẹ́yìn rẹ̀, kí ẹ pa àárín rẹ́. Nínú Audacity, ẹ fa máòsì kọjá lórí rẹ̀, kí ẹ tẹ Ctrl+L, á di ìdákẹ́jẹ́ẹ́. Bí ẹ bá lo Delete níbẹ̀, ohun tó tẹ̀ lé e lè sún wá síwájú, gbogbo ohùn kejì á sì ṣáájú tàkọ́kọ́ títí dé òpin.
8. Ẹ pa sọ́fítíwíà náà pátápátá. Ẹ tún un ṣí. Ṣé gbogbo rẹ̀ ṣì wà?
9. Ẹ gbé e jáde bíi WAV (irú fáìlì ohùn tí kì í ju ohunkóhun nù), kí ẹ gbọ́ ọ lórí fóònù.

Èyí tí ẹ ṣe dé ìgbésẹ̀ kẹsàn-án láì bínú ni tiyín. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé “àwọn ọ̀jẹ̀ ò kí ń lo ìyẹn.”

Ìgbésẹ̀ kẹjọ kì í ṣe eré. FL Studio tí wọ́n fi ń dán wò, fún àpẹẹrẹ, á jẹ́ kí ẹ fi iṣẹ́ pamọ́, àmọ́ kò ní jẹ́ kí ẹ ṣí i padà àfi bí ẹ bá rà á. Ẹni tí kò mọ̀, ó ti ṣe orin odidi ọjọ́ mẹ́ta kó tó ríran.

## Ohùn mi ń pẹ́ dé: kí ni kí n ṣe?

Ibí ni ọ̀pọ̀ ti ń juwọ́ sílẹ̀, tí wọ́n á sì lọ ra sọ́fítíwíà mìíràn, bẹ́ẹ̀ ọ̀rọ̀ kì í ṣe ti sọ́fítíwíà rárá. Àrùn méjì ló ń jọ ara wọn.

Àkọ́kọ́: ẹ ń gbọ́ ara yín bí gbohùngbohùn létí bí ẹ ti ń kọrin. Kọ̀ǹpútà ń kó ohùn jọ díẹ̀díẹ̀ kó tó rán an padà sí hẹ́dífóònù. Ohun tó ń kó jọ lẹ́ẹ̀kan ni wọ́n ń pè ní buffer. Ní 48 kHz, buffer 128 kò tó mílísẹ́kọ́ǹdù 3. Buffer 1024 ti tó 21, etí á sì gbọ́ ọ. Ìrìnàjò náà sì lé ní ẹ̀ẹ̀kan, nítorí ohùn ń wọlé, ó sì tún ń jáde. Ẹ dín buffer kù nígbà tí ẹ bá ń gba ohùn; bí ó bá bẹ̀rẹ̀ sí í ta pàràpàrà, ẹ gbé e sókè ní ìpele kan. Tó bá di ìgbà tí ẹ fẹ́ po ohùn pọ̀, ẹ gbé e sí 1024, kò sẹ́ni tó ń kọrin mọ́.

Lórí Windows, ẹ fi awakọ̀ (driver) ASIO tí àwọn tó ṣe audio interface yín gbé jáde sí i; òun ló ń jẹ́ kí kọ̀ǹpútà àti ẹ̀rọ náà máa bára wọn sọ̀rọ̀ kíákíá. Bí ẹ̀rọ yín kò bá ní, ẹ dán ASIO4ALL wò. Èyí tó tún rọrùn jù: ọ̀pọ̀ audio interface ní bọ́tìnì tó ń jẹ́ kí ẹ gbọ́ ara yín tààrà láti inú ẹ̀rọ, kó tó dé kọ̀ǹpútà. Ẹ tan án, kí ẹ wá pa ìgbọ́ra-ẹni ti inú sọ́fítíwíà, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ẹ ó máa gbọ́ ara yín lẹ́ẹ̀méjì.

Ìkejì: ẹ kọrin lásìkò, àmọ́ bí ẹ ṣe gbọ́ ọ padà, tráàkì kejì ń tẹ̀ lé àkọ́kọ́ lẹ́yìn. Àtẹ́wọ́ ìgbésẹ̀ karùn-ún àti ìkẹfà ló máa kọ́kọ́ fi í hàn yín. Kí ẹ lè mọ iye rẹ̀ gan-an nínú Audacity: ẹ dá tráàkì kan sílẹ̀ tó ń dún kọ́-kọ́-kọ́, ẹ fi etí kan hẹ́dífóònù lé ẹnu maikirofóònù, kí ẹ gba ohùn náà sí tráàkì kejì. Ẹ sún mọ́ ọn dáadáa lójú kọ̀ǹpútà, kí ẹ wọn àlàfo tó wà láàárín kọ́ òkè àti kọ́ ìsàlẹ̀. Lẹ́yìn náà ẹ lọ sí Preferences, níbi Audio Settings, ẹ ó rí Latency compensation. -130 ló máa ń wà níbẹ̀. Bí tráàkì kejì bá fi mílísẹ́kọ́ǹdù 40 pẹ́, ẹ sọ ọ́ di -170. Ẹ tún un dán wò. Tí kọ́ méjèèjì bá ti ṣe déédéé, ẹ ò ní ṣe é mọ́ àyàfi bí ẹ bá pààrọ̀ ẹ̀rọ.

Hẹ́dífóònù Bluetooth? Ẹ gbé e sápá kan. Ó ń pẹ́ púpọ̀, bí ẹ bá sì tún fi maikirofóònù inú rẹ̀ gba ohùn, ohùn náà á dà bí ti ìpè fóònù.

## Àṣìṣe tó ń ba iṣẹ́ jẹ́

Kí èèyàn ka fáìlì iṣẹ́ sí ohùn. Èmi náà kó sí i. Mo da fáìlì .rpp ti REAPER kan sórí fláàṣì, mo pa ohun gbogbo rẹ́ lórí kọ̀ǹpútà kí àyè lè wà, inú mi dùn. Fáìlì yẹn kò tó MB kan. Ó yẹ kí ìyẹn ti là mí lójú, nítorí tráàkì mẹ́fà kò lè wọ inú MB kan. Àpèjúwe iṣẹ́ ló wà níbẹ̀, ibi tí mo gé àti ibi tí mo gbé sókè; àwọn ohùn fúnra wọn wà nínú fódà tí mo ti pa rẹ́. Nígbà tí mo ṣí i, àwọn ìlà wà níbẹ̀, gbogbo wọn òfìfo. Nítorí náà, odidi fódà ni kí ẹ máa dà kọ. Ti Audacity rọrùn díẹ̀: láti ẹ̀dà 3.0, .aup3 kan ṣoṣo ló kó ohun gbogbo sínú. Àmọ́ fóònù kò lè ṣí .aup3. Ẹ má fi ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni bí orin.

Kí èèyàn fi MP3 ṣe iṣẹ́. MP3 ń ju apá kan ohùn nù ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá gbé e jáde. Kí ohun gbogbo jẹ́ WAV títí iṣẹ́ fi parí. Ẹ̀dà tí ẹ fẹ́ fi ránṣẹ́ ni kó jẹ́ MP3.

Ẹ̀dà tí wọ́n já láísẹ́ńsì rẹ̀. Mo mọ̀ pé wọ́n pọ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Fáírọ́ọ̀sì sábà máa ń bá wọn wá, wọ́n á sì ní kí ẹ pa ohun tó ń dáàbò bo kọ̀ǹpútà yín kí wọ́n tó wọlé. Nígbà tí Waveform àti Audacity wà lọ́fẹ̀ẹ́, kí lẹ ń wá lọ síbẹ̀?

Kí èèyàn sọ sọ́fítíwíà di tuntun láàárín iṣẹ́. Ẹ parí èyí tó wà lọ́wọ́ ná.

## Bí kọ̀ǹpútà yín bá ti rẹ̀

Ẹ pa browser, òun ló ń jẹ RAM jù. Ẹ gba ọ̀rọ̀ sísọ ní mono, kò sí ìdí fún stereo lórí ẹnu kan. Bí effect bá pọ̀ tí ohùn sì ń já, ẹ lo freeze lórí tráàkì tó wúwo nínú REAPER: á sọ ohùn àti effect di ohun kan, kọ̀ǹpútà á mí, ẹ sì tún lè tú u padà bí ẹ bá fẹ́ tún un ṣe.

## Ìgbà wo ló wá yẹ kí ẹ sanwó?

Nígbà tí ẹ bá lè dárúkọ ohun tí ọ̀fẹ́ kò lè ṣe fún yín, ní gbólóhùn kan. “Mo fẹ́ tráàkì tó ju mẹ́jọ lọ” jẹ́ ìdí. “Wọ́n ní òun ló dáa jù” kì í ṣe ìdí. Bí ẹ bá ní dọ́là 60 lọ́wọ́, tí maikirofóònù yín sì jẹ́ èyí tó wà lára kọ̀ǹpútà, ẹ ra maikirofóònù.

Ẹ ṣọ́ra fún èyí tí wọ́n ń sanwó rẹ̀ lóṣooṣù, bíi Adobe Audition. Fún ẹni tó ń ṣiṣẹ́ lójoojúmọ́, ó lè yẹ. Ẹni tó ń gba ohùn lẹ́ẹ̀mẹta lọ́dún, oṣù mẹ́sàn-án tó fi sùn náà ló ń sanwó fún. Ọjọ́ tí ẹ bá sì dáwọ́ owó dúró, ẹ ò ní lè ṣí àwọn iṣẹ́ àtijọ́ yín.

Nítorí èyí, sọ́fítíwíà yòówù tí ẹ ń lò, bí iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan bá ti parí, ẹ gbé tráàkì kọ̀ọ̀kan jáde lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ bíi WAV. Nínú REAPER, ẹ lọ sí Render, kí ẹ yan Stems. Nínú Audacity, ẹ yan Multiple Files nígbà tí ẹ bá ń gbé e jáde. Ẹ rí i pé gbogbo wọn bẹ̀rẹ̀ láti ìṣẹ́jú òdo, títí kan èyí tí ohùn kò wọlé sí títí di ìdajì orin. Ẹ kọ orúkọ sára wọn: 01-ohùn-àkọ́kọ́, 02-ohùn-kejì, 03-gìtá. Bí ẹ bá ju wọ́n sínú sọ́fítíwíà mìíràn lọ́dún márùn-ún sí i, wọ́n á tò síbi tó yẹ láì sí pé ẹ ń fi ojú wá ibi tí ọ̀kan ti bẹ̀rẹ̀.